Ṣéènì alùpùpù mi kì í dúró: mo fà á, ó tún dẹ̀

ArìnnàKò

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà alùpùpù. Ọ̀rọ̀ ṣéènì yìí ti sú mi. Bí mo bá fà á tó dúró dáadáa, kì í pẹ́ tó fi máa tún dẹ̀. Tí mo bá ti kó sí ibi tí ọ̀nà ti rí gbágungbàgun, màá máa gbọ́ ọ tó ń gbá ìdérí rẹ̀ pàkà-pàkà. Bí mo bá sì dẹwọ́ iná tí mo tún fún un níná lójijì, á kọ́kọ́ dún "gbà!" nísàlẹ̀ kí táyà tó gbéra.

Alùpùpù 125 ni, ṣéènì 428 (nọ́ńbà ìwọ̀n ṣéènì nìyẹn) ló ń lò. Ṣéènì náà kò tíì pẹ́, àtòun àti sípírọ́kẹ́ẹ̀tì (irin eléyín tí ṣéènì ń yí lé) iwájú àti ti ẹ̀yìn la jọ pààrọ̀. Mò ń fún un lọ́ìlì. Àmì tó wà lára àjọ́sítà, èyí tá a fi ń fa táyà sẹ́yìn kí ṣéènì lè le, ṣì jìnnà sí òpin, ìyẹn ni pé ṣéènì kò ì tíì lò tán. Ṣé ayédèrú ni wọ́n tà fún mi ni?

Ọ̀rẹ́Ẹ́ńjìnì

Ayédèrú ni, má jẹ̀ẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn ẹ́. Irin rírọ̀ ni wọ́n fi ń ṣe òmíràn nínú wọn, bó o ṣe ń fà á ló ń nà. Gé oríkèé méjì kúrò níbẹ̀, dá táyà padà síwájú, kó o bẹ̀rẹ̀ sí í fà á lákọ̀tun. Á gbé ẹ dé ìgbà tó o máa ra òmíràn.

SípánàMẹ́tàlá

Ẹ dúró ná, ẹ má tíì gé nǹkan kan.

ArìnnàKò, tí ṣéènì bá ń dẹ̀, ìbéèrè kan ló wà níbẹ̀: ṣé ṣéènì fúnra rẹ̀ ló gùn sí i ni, àbí táyà ẹ̀yìn ló sún síwájú? Ojú kan náà ni méjèèjì máa ń fi hàn nísàlẹ̀, àmọ́ àtúnṣe wọn ò bára mu rárá. Ẹni tí kò bá mọ èwo ni, tó sì ń fà á ṣáá, ó ń pa àmì tó yẹ kó fi mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ rẹ́ ni.

Ohun tí màá fẹ́ kó o ṣe nìyí. Fà á bó ṣe yẹ, kó o di gbogbo nọ́ọ̀tì. Wá mú pẹ́ńtì funfun díẹ̀, fa ìlà tín-ín-rín láti orí wáṣà ọ̀pá táyà wọ ara fọ́ọ̀kì ẹ̀yìn (apá irin méjì tó di táyà ẹ̀yìn mú), lọ́tùn-ún àti lósì. Fa òmíràn láti orí nọ́ọ̀tì àjọ́sítà wọ ara irin tó jókòó lé. Lẹ́yìn náà, máa gùn ún bó o ṣe ń gùn ún. Ọjọ́ tó bá tún dẹ̀, má kọ́kọ́ mú sípánà, ìlà yẹn ni kó o wò. Bí ìlà bá ti já sí méjì, tí apá kan ti lọ síwájú, táyà ló sún. Bó bá ṣì wà lójú kan, ṣéènì ló gùn, tàbí kí eyín sípírọ́kẹ́ẹ̀tì ti jẹ.

Báwo lo tiẹ̀ ṣe ń mọ̀ pé ó ti tó nígbà tó o bá ń fà á?

ArìnnàKò

Ẹ ṣé gan-an, ọ̀gá. Màá fa ìlà náà lónìí. Orí sítáǹdì ńlá ni mo máa ń gbé e sí, màá wá fi ìka ti ṣéènì sókè láti ìsàlẹ̀. Tí kò bá ti fẹ́rẹ̀ẹ́ mì mọ́, mo mọ̀ pé ó ti dúró nìyẹn.

SípánàMẹ́tàlá

"Kò fẹ́rẹ̀ẹ́ mì mọ́" kẹ̀! Ìyẹn ti le jù. Ṣéènì kì í ṣe awọ gángan.

Wò ó, nígbà tí alùpùpù bá wà lórí sítáǹdì ńlá, táyà ẹ̀yìn fì sílẹ̀ ni. Tó o bá wá jókòó lé e, tó o tún gbé èèyàn àti ẹrù sẹ́yìn, ṣọ́ọ̀kì á wọlé, fọ́ọ̀kì ẹ̀yìn á gòkè. Bó ṣe ń gòkè bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pá táyà ń jìnnà sí sípírọ́kẹ́ẹ̀tì iwájú, títí di ìgbà tí sípírọ́kẹ́ẹ̀tì iwájú, ibi tí wọ́n ti de fọ́ọ̀kì mọ́ férémù, àti ọ̀pá táyà bá wà lórí ìlà kan ṣoṣo. Ibẹ̀ ni ṣéènì ti máa ń le jù. Àyè tó o rí nísàlẹ̀ nígbà tí alùpùpù dúró, ibẹ̀ gan-an ló ń lọ. Bí kò bá sí àyè kankan tẹ́lẹ̀, kí lo fẹ́ kó fà? Á fa píìnì ara rẹ̀, á fa bẹ́ríìnì ọ̀pá tó jáde lára jíà, á sì fa bẹ́ríìnì táyà ẹ̀yìn. Ṣéènì tó le jù yára ń jẹ ju èyí tó dẹ̀ díẹ̀ lọ. Ọ̀pọ̀ tó ń sọ pé ṣéènì àwọn ń nà, àwọn gan-an ló ń nà án.

Mú rúlà. Gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣéènì ìsàlẹ̀, ní àárín méjì sípírọ́kẹ́ẹ̀tì iwájú àti ti ẹ̀yìn. Fà á sílẹ̀, kà á. Tì í sókè, tún kà á. Ìyàtọ̀ méjèèjì ni àyè rẹ̀. Púpọ̀ nínú alùpùpù kéékèèké ojú títì ń béèrè nǹkan bíi mìlímítà 20 sí 30. Àwọn tí ṣọ́ọ̀kì wọn gùn, tí wọ́n ṣe fún ọ̀nà igbó, máa ń tó 35 sí 50. Ìwé tó bá tìẹ wá tàbí bébà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ara fọ́ọ̀kì rẹ̀ ni kó o tẹ̀ lé, torí ó tún máa sọ bóyá orí sítáǹdì ńlá ni kó o ti wọ̀n ọ́n àbí orí ti ẹ̀gbẹ́.

KòSáréAsán

Kí n fi èyí kún un: kì í ṣe ojú kan péré lèèyàn ń wọ̀n. Yí táyà díẹ̀, wọ̀n ọ́n, tún yí i, tún wọ̀n ọ́n. Ṣéènì kì í jẹ dọ́gba. Ibi kan á dẹ̀, ibòmíràn á le. Ibi tó le jù ni kó o fi ṣe ìwọ̀n. Tó bá jẹ́ ibi tó dẹ̀ lo fà á sí, ìgbà tí ibi tó le bá yí débẹ̀, ó di wàhálà.

Ẹ jọ̀ọ́, ọwọ́ ni kẹ́ ẹ fi yí táyà o, kí ẹ́ńjìnì wà ní pípa. Mo ti rí àwọn tó máa ń ki í sí jíà lórí sítáǹdì, kí táyà máa yí fúnra rẹ̀, tí wọ́n á wá máa fi àkísà nu ṣéènì tó ń lọ. Tí àkísà bá wọ àárín ṣéènì àti eyín, ìka tó dì í mú ló máa tẹ̀ lé e. Kò sí ẹni tó lè yára ju ìyẹn lọ.

ÌyáArìnjò

Ẹ kú ọ̀rọ̀ o. Èmi náà ń jìyà èyí, ẹ jẹ́ kí n bá ArìnnàKò jókòó síbí. Tèmi kì í ṣe tuntun, ó ti pẹ́ lára alùpùpù. Mo lọ wo ọ̀pá táyà mi bí SípánàMẹ́tàlá ṣe wí, kò sún, ipata tó wà lábẹ́ wáṣà kò tiẹ̀ yẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo yí táyà bí KòSáréAsán ṣe sọ, ibì kan fẹ́rẹ̀ẹ́ má mì, ibì kejì sì rọ̀ jọ̀bọ̀tọ̀. 428 ni tèmi náà. Ṣé ó ti parí nìyẹn?

KòSáréAsán

Ìyá wa, ó jọ bẹ́ẹ̀, àmọ́ ẹ jẹ́ ká fi rúlà sọ ọ́. Bí wọ́n ṣe ṣe ṣéènì 428, láti àárín píìnì kan dé àárín èkejì jẹ́ mìlímítà 12.7. Ẹ jẹ́ kí ṣéènì ìsàlẹ̀ le nípa fífi àjọ́sítà fa táyà díẹ̀ sẹ́yìn. Ẹ ka píìnì 21, kẹ́ ẹ wọ̀n láti àárín èkíní dé àárín ìkọkànlélógún: ogún oríkèé nìyẹn. Tó bá jẹ́ tuntun, 254 ni ẹ máa rí. Tó bá ti tó 259, ó ti fi nǹkan bí ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún gùn, ẹ yọ ọ́ dànù. Ẹ wọ̀n ọ́n ní ojú mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀.

Fún ẹni tó ń lo 520, 525 tàbí 530, oríkèé kan jẹ́ 15.875, ogún rẹ̀ jẹ́ 317.5.

Ohun tí kò ní rúlà náà lè ṣe ni pé kó lọ sẹ́yìn sípírọ́kẹ́ẹ̀tì ẹ̀yìn, kó fi ìka méjì mú ṣéènì níbi tó ti yípo pátápátá, kó fà á sẹ́yìn. Ti tuntun kò ní fẹ́rẹ̀ẹ́ kúrò lójú eyín. Tí ẹ bá rí ìdajì eyín lábẹ́ rẹ̀, ẹ má wulẹ̀ wọ̀n ọ́n mọ́.

ÌyáArìnjò

Mo wọ̀n ọ́n. Ojú kan 257, ojú kan 260 ó lé díẹ̀, ìkẹta 259. Eyín sípírọ́kẹ́ẹ̀tì iwájú ti ṣe ṣóńṣó, ó tún tẹ̀ síbì kan bí ìwọ̀. Ó ti yé mi. Ṣé mo lè pààrọ̀ ṣéènì nìkan, kí n fi sípírọ́kẹ́ẹ̀tì ẹ̀yìn sílẹ̀? Ti ẹ̀yìn ṣì dáa lójú.

SípánàMẹ́tàlá

Rárá o, Ìyá. Eyín tó ti bá ṣéènì gígùn jẹ kò ní bá ṣéènì tuntun mu, á kàn yára sọ tuntun náà di ògbólógbòó. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lẹ máa pààrọ̀ pọ̀. Ti iwájú ló máa ń kọ́kọ́ jẹ torí eyín rẹ̀ kò pọ̀, eyín kọ̀ọ̀kan rẹ̀ máa ń bọ́ sẹ́nu iṣẹ́ léraléra ju ti ẹ̀yìn lọ. Ti ẹ̀yìn lè dáa lójú kó má dáa lábẹ́.

Ìdí kan náà ni mo fi ní kí wọ́n má gé oríkèé. Gígé kì í dá gígùn oríkèé kọ̀ọ̀kan padà. Èyí tó ṣẹ́kù ṣì gùn ju àlàfo eyín lọ, eyín díẹ̀ ló sì máa ń ru gbogbo ẹrù náà.

Ọ̀rẹ́Ẹ́ńjìnì

Mo gbà lórí ti Ìyá. Àmọ́ ti ArìnnàKò jẹ́ tuntun, èmi ò tíì yí ọ̀rọ̀ mi padà: irin tí kò dáa ni. Àti pé ọ́ìlì wo ló ń fún un gan-an? Ọ́ìlì ẹ́ńjìnì tí wọ́n ti lò ni èmi ń lò láti ọjọ́ yìí, ṣéènì mi ò dún rí.

SípánàMẹ́tàlá

Ti pé kò dún kò túmọ̀ sí pé kò jẹ. Ọ́ìlì tí wọ́n ti yọ kúrò nínú ẹ́ńjìnì kún fún èérí àti ẹ̀rúnrún irin tíntìntín, ẹ tún ń kó ìyẹn lọ sáàárín píìnì àti búùṣì (òrùka irin tó bo píìnì). Ó dáa ju kó gbẹ lọ, èmi ò jiyàn, ṣùgbọ́n ọ́ìlì jíà 80W-90 tuntun kì í wọ́n púpọ̀ lórí ṣéènì, ó nípọn, kì í sì í yára fò kúrò. Inú ṣéènì ìsàlẹ̀, èyí tó kọjú sókè, ni kẹ́ ẹ fi sí, kí yíyípo táyà lè máa tì í wọlé. Ẹ fi sí i nígbà tí ẹ bá dé láti ìrìn, tó ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́, kẹ́ ẹ nu èyí tó ṣẹ́kù. Lẹ́yìn kìlómítà 500 sí 1,000, àti lẹ́yìn òjò.

Ṣéènì tó ní òrùka rọ́bà láàárín àwo rẹ̀, kẹrosíìnì àti búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ ni kẹ́ ẹ fi fọ̀ ọ́, kì í ṣe pẹtiróòlù, torí ó máa ń ba rọ́bà yẹn jẹ́. Gíríìsì tó wà nínú rẹ̀ látìgbà tí wọ́n ti ṣe é ni rọ́bà náà ń dá dúró, kò sí bẹ́ ẹ ṣe máa dá a padà tó bá jáde.

ArìnnàKò

Mo ti dé o. Ìlà ti sọ̀rọ̀.

Ṣéènì ti tún dẹ̀, mo sì wọ̀n ọ́n: ogún oríkèé fún mi ní 254 ó lé bín-ín-tín. Ìyẹn ni pé ṣéènì kò ṣẹ̀. Ìlà ọ̀tún ṣì wà bí mo ṣe fà á. Ti òsì, níbi tí ṣéènì wà, ti já sí méjì, èyí tó wà lórí wáṣà ti lọ síwájú tó nǹkan bíi mìlímítà mẹ́ta. Mo nu ìdọ̀tí ibẹ̀, mo rí i pé ara fọ́ọ̀kì ti jẹ, ó ń dán yànrànyànràn níbi tí irin àjọ́sítà ti ń fà lọ fà bọ̀. Irin pẹlẹbẹ tó wà ní ìdí fọ́ọ̀kì, tí bóòtù àjọ́sítà gbà kọjá, ti tẹ̀ wọnú díẹ̀.

Nǹkan tó wá ń rú mi lójú ni pé mo di nọ́ọ̀tì ọ̀pá táyà yẹn dáadáa. Mo fi gbogbo ara tì í, kò yí mọ́.

SípánàMẹ́tàlá

Ẹ ṣé tí ẹ kọ́kọ́ wò ó kẹ́ ẹ tó fà á. Bẹ́ẹ̀ ni, táyà ló ń sún. Ṣéènì ń fa ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ òsì ló lọ. Ó tún túmọ̀ sí pé táyà rẹ ti ń wọ́ díẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́.

Ọ̀pọ̀ rò pé àjọ́sítà ló ń di táyà mú. Rárá. Ìṣe àjọ́sítà ni láti yan ibi tí ọ̀pá máa dúró. Ohun tó ń dì í mú ni bí nọ́ọ̀tì ọ̀pá ṣe ń fún gbogbo nǹkan tó wà láàárín pọ̀ mọ́ fọ́ọ̀kì méjèèjì, tí kò fi ní lè yọ̀. Tí fífún yẹn kò bá sí, gbogbo agbára ṣéènì á bọ́ sórí bóòtù àjọ́sítà tóóró yẹn. Ìyẹn ló tẹ irin rẹ.

Kó o dán èyí wò: di nọ́ọ̀tì náà bó o ṣe máa ń dì í, kó o wá tú bóòtù àjọ́sítà díẹ̀, kó o fi ìka gbìyànjú láti mi irin àjọ́sítà tàbí wáṣà tó wà lábẹ́ nọ́ọ̀tì. Kò yẹ kó mì rárá. Bó bá mì, tí nọ́ọ̀tì sì ti le, á jẹ́ pé kì í ṣe ara fọ́ọ̀kì ló le mọ́. Ó ti dé òpin ojú ìdè (ibi tí nọ́ọ̀tì ń yí wọ̀) ara ọ̀pá ni, ibẹ̀ ló ti kọ́.

Ṣé ẹnikẹ́ni ti tú táyà ẹ̀yìn yẹn láìpẹ́?

ArìnnàKò

Ọ̀gá! Wáṣà yí lábẹ́ ìka mi bí ẹni pé mi ò di nǹkan kan.

Bẹ́ẹ̀ ni, wọ́n tú u nígbà tó jò, kí wọ́n lè lẹ tíùbù. Nígbà tí mo rò ó padà, lẹ́yìn ìgbà yẹn ni gbogbo ẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Mo yọ ọ̀pá náà pátá, mo sì fi wé àwòrán inú ìwé alùpùpù. Wáṣà tó nípọn tó yẹ kó wà níwájú nọ́ọ̀tì kò sí níbẹ̀, tín-ín-rín kan ni wọ́n fi sí i. Lára ọ̀pá, níbi tí ojú ìdè parí sí, mo rí òrùka kan tí ẹnu nọ́ọ̀tì ti jẹ sára irin.

KòSáréAsán

Ó tán! Ayédèrú ò sí níbẹ̀ o, Ọ̀rẹ́Ẹ́ńjìnì.

ArìnnàKò, nígbà tó o ti tú u, wo àwọn yòókù kó o tó dá a padà. Fi ìka yí bẹ́ríìnì méjèèjì, kó má gbé, kó má dún ṣẹ̀rẹ̀ṣẹ̀rẹ̀. Rí i pé òrùka irin gígùn tó wà láàárín bẹ́ríìnì méjèèjì nínú táyà wà níbẹ̀, torí tí ìyẹn náà bá sọnù, ọjọ́ tí nọ́ọ̀tì bá wá le lóòótọ́, bẹ́ríìnì ló máa fún pa. Wo àwọn rọ́bà tí sípírọ́kẹ́ẹ̀tì ẹ̀yìn jókòó lé. Di táyà mú, kó o yí sípírọ́kẹ́ẹ̀tì síwá sẹ́yìn. Tó bá ń lọ púpọ̀, apá kan "gbà!" tó ò ń gbọ́ yẹn, ibẹ̀ ló ti ń wá. Rọ́bà jíjẹ kì í mú ṣéènì dẹ̀, àmọ́ ó máa ń jẹ́ kó já gbà lójijì.

Ọ̀rẹ́Ẹ́ńjìnì

Ẹ̀rín pa mí. Ó dáa, ti ArìnnàKò kì í ṣe ayédèrú. Ayédèrú ṣì wà nígboro ṣá.

SípánàMẹ́tàlá

Ó wà, n kò sẹ́ ẹ.

ArìnnàKò, wáṣà tó bá ọ̀pá rẹ mu ni kó o wá, kì í ṣe kó o to tín-ín-rín mẹ́ta léra. Pààrọ̀ irin pẹlẹbẹ tó tẹ̀ yẹn àti bóòtù àjọ́sítà rẹ̀, kí nọ́ọ̀tì kejì tó ń ti àkọ́kọ́ pa sì wà lórí méjèèjì. Nọ́ọ̀tì ọ̀pá, tó bá jẹ́ oní-rọ́bà nínú, tó o sì lè fi ọwọ́ lásán yí i dópin, ra tuntun. Tó bá jẹ́ èyí tí wọ́n ń ki píìnì bọ̀, píìnì tuntun ni o.

Ìgbà tó o bá fẹ́ dì í: fi aṣọ kíká há àárín ṣéènì ìsàlẹ̀ àti sípírọ́kẹ́ẹ̀tì ẹ̀yìn, rọra fi ọwọ́ yí táyà síwájú kí aṣọ náà há. Èyí á fa ọ̀pá mọ́ àjọ́sítà méjèèjì dáadáa. Bó ṣe há yẹn ni kó o di nọ́ọ̀tì, sí ìwọ̀n tí ìwé rẹ sọ. Yọ aṣọ, kó o tún wọ̀n àyè ṣéènì wò, torí dídì nọ́ọ̀tì máa ń yí i padà díẹ̀. Má fi gbogbo ara gbọ́kàn lé àmì tó wà lára fọ́ọ̀kì, kì í fìgbà gbogbo bára mu lọ́tùn-ún àti lósì. Wọ̀n láti àárín bóòtù fọ́ọ̀kì dé àárín ọ̀pá táyà ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, kí wọ́n dọ́gba.

ArìnnàKò

Mo ti ṣe gbogbo rẹ̀. Wáṣà tó nípọn ti wà níbẹ̀, ìka mi ò lè mì ín mọ́. Mo fi àyè mìlímítà 25 sílẹ̀ níbi tó le jù, mo sì gbé èrò rìn lórí ọ̀nà tó burú jù tí mo mọ̀. Ìlà pẹ́ńtì ṣì wà lójú kan. "Gbà" yẹn ti dín kù púpọ̀, rọ́bà ni mo rò pé ó ṣẹ́kù, màá pààrọ̀ rẹ̀. Ọ̀gá, ẹ ṣé gan-an ni.

ÌyáArìnjò

Mo bá ẹ yọ̀, ọmọ mi. Èmi náà ti ra mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ìbéèrè mi tó kù: kílíìpù kékeré tó wà lórí oríkèé ìsopọ̀, ẹnu rẹ̀ ibo ló ń kọjú sí? Mo sì rí i pé sípírọ́kẹ́ẹ̀tì iwájú tuntun náà ń mì díẹ̀ lọ́tùn-ún lósì lórí ọ̀pá rẹ̀. Ṣé kò léwu?

KòSáréAsán

Ìdí kílíìpù, ibi tó dí, ni kó máa ṣíwájú níbi tí ṣéènì ń lọ. Ẹnu rẹ̀ tó là á máa wá lẹ́yìn. Lórí ṣéènì òkè, ibi tó dí á kọjú síwájú alùpùpù. Tí ẹ bá yí i padà, ohunkóhun tó bá gbá a lójú ọ̀nà lè tì í yọ.

Ti sípírọ́kẹ́ẹ̀tì iwájú, tó bá jẹ́ irú èyí tí irin pẹlẹbẹ àti bóòtù kéékèèké méjì dì mú, mímì díẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ jẹ́ bí wọ́n ṣe ṣe é. Àmọ́ bóòtù méjèèjì gbọ́dọ̀ le. Tó bá ń mì síwá sẹ́yìn lórí eyín ọ̀pá, ọ̀rọ̀ mìíràn nìyẹn. Ẹ tún un wọ̀n lẹ́yìn kìlómítà ọgọ́rùn-ún mélòó kan, torí ṣéènì tuntun máa ń jókòó díẹ̀ lákọ̀ọ́kọ́. Ẹ fà á lẹ́ẹ̀kan yẹn. Tó bá tún ń dẹ̀ kíákíá lẹ́yìn ìyẹn, ẹ fa ìlà.